Ọkọ̀ Tí Ó Ń Rìn Láìsí Kọ́kọ́rọ́

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, Ọlọ́run tí ó fi ìyá mi sílẹ̀ fún mi ni mo dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá náà ló jókòó níwájú yín yìí. Bí kì í bá ṣe ti àánú, inú pósí ni à bá ti máa wò ó lónìí.

Gbogbo wa la mọ ọkọ̀ gọ́ọ̀fù oníbátìrì tí ó ń gbé àwọn ìyá àgbà láti èbúté wa gòkè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí àwọn tí ń wọkọ̀ ojú omi bọ̀ láti òdìkejì odò kò lè gun òkè yẹn mọ́. Bátìrì mẹ́fà ló bá wá, fóltì mẹ́rìndínlógójì. Ìgbìmọ̀ ọkọ̀ ní ó lọ́ra jù. Wọ́n fi bátìrì méjì kún un, ó di méjìdínláàádọ́ta. Wọn kò pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, wọn kò pààrọ̀ wáyà, wọn kò pààrọ̀ suwíìṣì ńlá tí ó ń so iná tí ó sì ń já a. Ọkọ̀ ń sáré, inú ìjọ dùn. Èmi tí mo fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, mo kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ pé iná tí ó bá ju agbára ẹ̀rọ lọ a máa sun ún láti inú. N kò rí èsì.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú ọyẹ́, àwa mẹ́ta ń gbá àgbàlá. Kùrukùru bo ilẹ̀ débi pé a kò rí odò. A gbọ́ kíkùn kan, bí ẹni tí ń kọrin láìla ẹnu. Ọkọ̀ náà jáde láti inú kùrukùru, kò sí ènìyàn lórí rẹ̀. Ó kọjá níwájú wa, ó lọ fi imú gún ògiri, táyà rẹ̀ sì ń yí síbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lórí ìṣó nínú ọ́fíìsì. Mo fa wáyà bátìrì yọ, ó dúró. Mo mọ ohun tí ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìdí tí ó fi dúró di òwúrọ̀ kí ó tó gbéra, n kò mọ̀ ọ́n títí di òní.

Mo sọ fún Alága ìgbìmọ̀ pé suwíìṣì ti ń yọ́ lẹ̀ mọ́ra, pé iná kò ní já mọ́ bí a tilẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ṣé ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé yín lẹ fẹ́ fi lé ẹ̀mí èṣù jáde ni?" Dípò kí wọ́n pe oníṣẹ́, wọ́n kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ta òróró sí àga àti táyà, wọ́n so wáyà padà. Ọjọ́ Ìsinmi méjì kọjá láìsí wàhálà. Èmi náà dákẹ́, mo sì jẹ́ kí ìyá mi wọ̀ ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kẹta, lẹ́yìn ìsìn, awakọ̀ gbé Màmá nìkan sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté. Ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ó tì í pa, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó bọ́ sílẹ̀ láti di ọkọ̀ ojú omi mú. Èmi ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú báàgì Màmá. Mo tún gbọ́ kíkùn yẹn. Ọkọ̀ náà gbọ̀n bí ẹran tí a so, bíréèkì já, ó sì doríkọ omi. Awakọ̀ ń wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò dá a mọ̀. N kò rí àdúrà gígùn gbà. Orúkọ Jésù nìkan ló jáde lẹ́nu mi.

Màmá, tí ó ti ń tu ọkọ̀ láti kékeré ní etí òkun Ìlàjẹ, sún sídìí sítíárìn, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ sí apá kan bí ẹni ń yí ọkọ̀ kúrò lẹ́nu ìgbì. Ọkọ̀ náà wọ inú òkìtì iyanrìn tí a kó sílẹ̀ fún ilé tuntun. Kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ sí omi. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú èéfín, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó bi mí pé, "Dáyọ̀, ta ló ń tì í?"

Oníṣẹ́ láti ìlú Jeddo tí ó fi bátìrì kún un ló wá tú u. Ojú suwíìṣì méjèèjì ti yọ́ di ọ̀kan. Ó mi orí. "Oga, I tell una chairman say make we change motor, change wire join. E say make I no carry fear enter God work."

Ẹ̀yin ará, Alága mọ̀ pé ó yẹ kí a pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì àti wáyà. Ó mọ̀ nígbà tí ó ń ta òróró.

Ọlọ́run tí ó dá orúkọ kan ṣoṣo lóhùn láti ẹnu ẹlẹ́ṣẹ̀ ni gbogbo ògo yẹ. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá Màmá jó. Ṣùgbọ́n kí akọrin tó gbé orin, mo fẹ́ kí Alága dìde níbi tí ó jókòó sí, kí ó sọ fún ìyá yìí, lójú gbogbo wa, ohun tí oníṣẹ́ yẹn sọ fún un. A óò dúró dè é.