Ọkọ̀ Gíga tí Ọlọ́run Ò Jẹ́ Ká Rà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba tó ń bá wa rí ibi tí ojú tiwa ò tó. Halelúyà! Ẹ̀yin ará, èmi ni Ìyá Tómi, láti àdúgbò Whalebone. Ẹ mọ̀ mí, èmi kì í tètè gba èèyàn gbọ́. Bí ẹ bá fún mi ní mọ́ínmọ́ín, màá kọ́kọ́ tú u wò. Ìfura loògùn àgbà.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo bá wá. Mọ́tò wa àtijọ́ kú pátápátá, àbúrò ọkọ mi sì bímọ sí Manchester, a fẹ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Daddy Tómi ní crossover ni ká rà, pé ó ga, pé ìyá òun tó ń bá wa gbé, tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, ò ní máa bẹ̀rẹ̀ wọlé bí ẹni ń wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní búùtù ẹ̀ á gba kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ti ọmọ wa kékeré. Èmi ní hatchback kékeré ni. Ṣé ẹ mọ àdúgbò wa, ojoojúmọ́ là ń bá ara wa jà nítorí ibi tí a máa páàkì sí. Hatchback ò sì ń mu epo bí ọ̀mùtí.

Ó rí crossover kan lórí fóònù, la bá lọ wò ó ní River Road. Ẹ̀yin ará, láti ẹnu géètì lara mi ò ti gbà á. Ọkùnrin tó ń tà á, ọmọ Naija bíi tiwa, kò mọ̀ mí rí, ó ń pè mí ní "Mummy, my own mummy." Mummy ta ni? Mo gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́tì, ó ti gbóná. Ó ní òun kàn ń wárúmù ẹ̀ dè wá ni. Mo wo inú ọkọ̀, lọ́fínńdà ló so rọ̀ síbí, ló so rọ̀ sọ́hùn-ún. Ẹni tó wẹ̀ tó mọ́, kí ló ń fi lọ́fínńdà bora fún?

Àmọ́ mọ́tò yẹn dára o! Màmá ọkọ mi, tí wọ́n bá wa lọ, jókòó sẹ́yìn, wọ́n ní, "Áà, àga ọba rèé!" Daddy Tómi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìyá Tómi, kò sóhun tí o kì í fura sí. Ṣé o ń fura sí èmi náà ni?"

Mo ní kí n ṣáà kọ́kọ́ gbàdúrà nínú ẹ̀. Mo bọ́ bàtà bí àwa aláṣọ funfun ti ń ṣe, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo jókòó síwájú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í képe Jèhófà. Kí n tó dé Àmín, àtẹ́lẹsẹ̀ mi tutù rinrin. Mo rò pé Ẹ̀mí ni! Mo tún tẹ kápẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, omi sì sun sáàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Yéè! Mo pariwo Jésù.

Ọkùnrin yẹn sáré dé. "Mummy, a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni."

Daddy Tómi bẹ̀rẹ̀, ó fa kápẹ́ẹ̀tì yẹn sókè. Ẹrẹ̀ ló wà lábẹ́ ẹ̀, ó ṣù mọ́ gbogbo wáyà, òórùn odò sì gba afẹ́fẹ́ kan. Mọ́tò tí àgbàrá ti gbé mì ni wọ́n fẹ́ kó ọmọ mi sí! Ọkùnrin yẹn ò pè mí ní Mummy mọ́. Ó ní tí a ò bá rà, ká máa lọ.

Lọ́dọ̀ tíṣà àgbà kan nítòsí Heathway la ti rí hatchback. Mo gbàdúrà nínú tìyẹn náà, ó gbẹ kanrinkan. Òun la gbé lọ sí Manchester. Màmá ń ráhùn níwájú nítorí orúnkún, èmi àtàwọn ọmọ wa méjèèjì há sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ ọmọ wà lẹ́sẹ̀ mi. Lójú mọ́tòwéè, òjò ńlá dé, lọ́rì lọ́tùn-ún lósì. Mo rí Daddy Tómi nínú gíláàsì tó fi ń wo ẹ̀yìn, omi ń bọ́ lójú ẹ̀.

"Ká ní crossover yẹn là ń wà báyìí, tí wáyà ẹ̀ wá kú síbí ńkọ́? Ìyá Tómi, jọ̀ọ́, máa fura lọ."

Ẹ̀yin ará, gbogbo ògo, ti Ọlọ́run ni. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ló jókòó lọ́hùn-ún yẹn, tí wọ́n ń jẹ bísíkíìtì nínú ìsìn. Ẹ má bá wọn wí lónìí. Ẹ bá mi yọ̀!