Igi Tí Mo Yọ Lábẹ́ Táyà Clarrie

Ẹ̀yin tí ìwé yìí bá bọ́ sí lọ́wọ́, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú ewu ọjọ́, ẹ sì bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó dá ẹ̀mí mi sí títí mo fi pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tí kò jẹ́ kí n kú kí n tó sọ̀rọ̀. Elva Gerlach ni orúkọ mi, opó Lyall Gerlach. Nínú ìjọ Luther ni wọ́n bí mi sí, inú ìwé orin ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kàwé. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé n kò mọ ohun tí ó tọ́. Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde wàyí, òun náà sì nìyí: Clarrie Dohnt kò gbàgbé ohunkóhun ní ọjọ́ tí káráfáànù rẹ̀ já sínú òkun. Èmi ni mo ṣe é, ọdún mẹ́sàn-án ni mo sì fi pa á mọ́ra.

Ọ̀rẹ́ ni àwa mẹ́rin, èmi àti Lyall, Clarrie àti Merle ìyàwó rẹ̀. Ní ọdọọdún, tí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, a ó so káráfáànù kálukú, ilé kékeré onítáyà wa, mọ́ ìdí ọkọ̀, a ó sì tọ etí òkun lọ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn, kọjá ìlú Elliston, níbi tí àpáta ti dúró gẹ́gẹ́ bí ògiri tí omi ń gbá lójoojúmọ́. Ọkùnrin a máa wakọ̀, obìnrin a dúró lẹ́yìn, a máa fi ọwọ́ júwe bí ọkọ̀ yóò ṣe fẹ̀yìn wọlé. Lyall a máa yọrí sí mi láti ojú fèrèsé pé, “Elva, ṣé ọkọ̀ lò ń júwe fún ni àbí eṣinṣin lò ń lé?” Bí ọkọ̀ bá ti dúró, a ó fi igi há táyà kí ó má baà yí. Igi méjì ni Clarrie ní fún iṣẹ́ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbẹ́ wọn láti ara igi pupa líle kan tí ó wó lẹ́yìnkùlé rẹ̀. “Àwọn ọmọ mi méjì tí kì í gbó mi lẹ́nu nìyí,” ni ó máa ń wí. Merle a sì dá a lóhùn pé, “Wọn ò jọ ẹ́ nìyẹn.”

Ní ọjọ́ Sátidé tí mò ń wí yìí, a dé orí òkè kan tí ilẹ̀ rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí ìhà òkun. Bí mo ṣe ń ṣan ife, mo gbọ́ tí Clarrie ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọ̀rẹ́, wáyà búréèkì ọwọ́ káráfáànù mi ti dẹ̀. Mo máa tún un ṣe tí a bá dé ìlú Streaky Bay. Igi méjì yìí ni mo gbójú lé báyìí.” N kò fẹ́ purọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo gbọ́ ọ. Kò jìnnà sí mi ju ìwọ̀n apá mẹ́ta lọ. Bí ó ti fi igi há táyà ọ̀tún àti táyà òsì tán, àwọn ọkùnrin tú ọkọ̀ Clarrie kúrò lára káráfáànù, wọ́n sì wa ọkọ̀ náà sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ìwọ̀ pẹja. Clarrie kò tíì sọ ẹsẹ̀ irin tí ó wà ní igun káráfáànù rẹ̀ kalẹ̀. Ẹja ni ó kọ́kọ́ sáré lọ bá.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ Olúwa, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì jọ kọrin lórí òkè náà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Mo fẹ́ yan kéèkì oníwúkàrà tí wọ́n mọ̀ mí mọ̀ ní ìjọ wa. Ṣùgbọ́n káráfáànù tiwa kò dúró déédéé. A ti gbàgbé pákó tí a máa ń fi gbé igun rẹ̀ sókè sí ibi tí a sùn mọ́jú ọjọ́ náà. Kéèkì àkọ́kọ́ jáde láti inú ààrò gáàsì, ẹ̀gbẹ́ kan nípọn bí ìrọ̀rí, ẹ̀gbẹ́ kejì fẹ́lẹ́ bí ìwé. Merle rí i, ó pa ẹ̀rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Elva, òkè etí òkun gan-an lo yàn yìí. Ìhà kan ga, ìhà kejì ti já sómi!” Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọnú egungun. Ìgbéraga ni. Kéèkì lásán-làsàn, ìgbéraga sì ni.

Merle lọ ṣa igi ìdáná. Mo po ìyẹ̀fun mìíràn. Mo wá ohun tí mo lè fi gbé igun káráfáànù wa sókè, n kò rí nǹkan kan, ojú mi sì lọ sí abẹ́ táyà Clarrie. Mo fi òòlù gbá igi ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹta, ó yọ. Káráfáànù náà kò tilẹ̀ mì. Mo wí nínú ọkàn mi pé, “Ṣé o rí i? Kò nílò méjì. Màá dá a padà kí kéèkì tó jinná.” Mo gbé igi náà sábẹ́ ẹsẹ̀ igun tiwa, mo yí irin rẹ̀ títí ilẹ̀ ilé wa fi tẹ́. Kéèkì kejì wú bí ó ti yẹ. Mo jókòó ti ààrò, mò ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

Atẹ́gùn yí padà, ó tutù láti ìhà gúúsù. Merle padà dé, ó wọ inú káráfáànù wọn lọ mú súwẹ́tà. Bí ó ti sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni mo gbọ́ igbe rẹ̀: “Elva! Ó ń lọ! Elva!” Mo sáré jáde. Káráfáànù náà ti yí lórí igi kan ṣoṣo tí ó kù, ó ti fò ó, ó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sí etí òkè. Merle gbá irin iwájú rẹ̀ mú bí ẹni di ewúrẹ́ mú. Mo pariwo pé, “Fi sílẹ̀, Merle! Fi sílẹ̀!” Kò fi í sílẹ̀. Ìgbà tí ó wọ́ ọ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni ó jù ú nù, ìbàdí rẹ̀ sì lu àpáta. Káráfáànù náà lọ. Ìró rẹ̀ kò tó bí mo ṣe rò. Ó dún bí ìgbà tí síbí dà sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, lẹ́yìn náà òkun bò ó.

Mo da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo Merle, mo fi rédíò inú ọkọ̀ wa, èyí tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ké sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbọ́, ẹnìkan sì dáhùn pé òun yóò pe áńbúláǹsì. Ó ní a kò gbọdọ̀ gbé e, kí a jẹ́ kí ara rẹ̀ máa móoru. Mo dáná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibí yìí ni ẹ ó ti mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Mo padà lọ sábẹ́ káráfáànù wa, mo yọ igi Clarrie, mo sì jù ú sínú iná náà. Igi líle ni, ó jó dáadáa. Òun ni ó mú Merle móoru.

Àwọn ọkùnrin gòkè dé. Clarrie kúnlẹ̀ ti ìyàwó rẹ̀, lẹ́yìn náà ó dìde, ó rìn lọ sí ibi tí káráfáànù wà tẹ́lẹ̀, ó sì mú igi kan bọ̀. “Méjì ni mo fi há a,” ni ó wí. “Méjì ni. Elva, o wà níbí. O rí mi, àbí o ò rí mi?”

Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, “Ọ̀kan ni mo rí, Clarrie.”

Láti orí ilẹ̀ ni Merle ti wí jẹ́jẹ́ pé, “Clarrie. Ọ̀kan kẹ̀?”

Nígbà tí áńbúláǹsì dé, awakọ̀ rẹ̀ bi wá bóyá a ní nǹkan jíjẹ, nítorí láti àárọ̀ ni ó ti wà lójú ọ̀nà. Mo gé kéèkì náà fún un. Ó jẹ ẹ̀là méjì, ó ní òun kò jẹ irú rẹ̀ rí. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lyall ti rí ohun tí ó wà nínú iná. Inú ọkọ̀, nígbà tí a ń tẹ̀lé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, ni ó tó la ẹnu. “Igi Clarrie lo fi dáná.” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.” Ó ní, “Ó ti ṣẹlẹ̀ ná. Èèyàn kankan ò kú. Má ṣe sọ ọ́ mọ́.” A kò sì sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú ní ọdún tí ó kọjá.

Ṣùgbọ́n ìyà kò tán sí orí òkè yẹn. Merle tiro títí ó fi sùn nínú Olúwa. Janine ọmọ wọn gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ojú mi ni ó ṣe. Ó ń sunkún bí ó ti ń wí pé, “Dádì, tó bá jẹ́ pé Mọ́mì wà nínú káráfáànù lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Ẹ ti ń gbàgbé nǹkan.” Dókítà ní kí Clarrie ya ojú aago sórí ìwé, láti fi dán iyè rẹ̀ wò. Ọgbọ̀n ọdún ni Clarrie fi ń fa agogo ìjọ wa. Àwọn alàgbà ṣe ìpàdé, wọ́n ní ó lè gbàgbé wákàtí, kí a fi iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Wọ́n ní kí ẹni tí ó bá fara mọ́ ọn nínú ìjọ na ọwọ́. Mo na ọwọ́ mi. Ọwọ́ kan náà tí mo fi di òòlù mú.

Lọ́jọ́bọ̀ tí ó kọjá, mo lọ bá a ní ilé àwọn arúgbó tí ó wà nísinsìnyí. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Mo kúnlẹ̀, orúnkún mi ń ro mí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan: kéèkì, òòlù, iná, irọ́. Ó gbọ́ mi tán. Ó fi ọwọ́ lé mi lórí. “Dìde, Elva. O ṣe èèyàn. O rí i pé ó ń dùn mí, o wá fẹ́ bá mi rù ú. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbàgbé. Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Mo rí ọwọ́ ara mi, igi kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.” Mo búra fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Má búra. Merle ti dárí jì mí kí ó tó lọ.”

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ará. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo bà jẹ́. Mo ti mú ohun tí ojú rẹ̀ rí kúrò ní orí rẹ̀, mo sì fi irọ́ mi dí àyè rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ìwé yìí, nítorí ẹnu mi nìkan kò tó mọ́. Janine, ọmọ mi, bí o bá kà á, forí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí o kò bá lè ṣe é, mo gbà. Ṣùgbọ́n lọ jókòó ti bàbá rẹ, kí o sì máa sọ fún un pé méjì ni. Sọ fún un lójoojúmọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ṣẹ̀, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ ṣì mọ̀ pé òun kò jẹ̀bi. Bí ó bá pẹ́, yóò ti gba ẹ̀bi yín gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀, kò sì ní fẹ́ dá a padà fún yín.

Ìwọ tí o kà á dé ibi yìí, kí Olúwa pa iyè rẹ mọ́ títí di ọjọ́ ogbó. Kí ó fi ẹlẹ́rìí òtítọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ ní ọjọ́ tí o bá bèèrè pé, “Ṣé o rí mi?” Kí ó má sì jẹ́ kí o bọ́ sọ́wọ́ irú èmi. Àmín.