Wọ́n Wo Ilé Wọn, Wọ́n Fi Kọ Ayé

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, lórí ìlà bọ́ọ̀sì ní Yábàá, mo gbọ́ tí ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ń bá obìnrin olùkọ́ yunifásítì kan wí.

“Wọ́n ní o kọ̀wé pé ọ̀bọ ló bí wa. Ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní kí o dá aṣọ akọrin padà.”

“Ẹ̀gbọ́n, ìtàn àwọn òyìnbó tó sọ ọ́ ni mò ń kọ. Nílé wọn, ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ìránṣẹ́ ń gbà wọlé. Nígbà tí wọ́n to aráyé nípò, ẹ̀yìn náà ni wọ́n fi àwa dúdú sí. Wọ́n wo ilé wọn, wọ́n fi kọ ayé.”

“Ìyẹn ò kan ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ó kàn án. Ìyá mi tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lẹ ní kó máa jókòó sí nígbà ìsìn. Màá wọ aṣọ akọrin mi wá lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ aṣọ náà lọ́rùn mi, kó wá bọ́ ọ lójú ìyá mi.”