Àmì Pupa Tí Mo Sún Sétí Odò

Ẹni tó bá tẹ àmì pupa tó wà létí odò lórí máàpù ìlú Oǹdó àtijọ́, irọ́ ló tẹ̀. Èmi ni mo fi irọ́ náà síbẹ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin báyìí, kò sẹ́ni tó bi mí, mi ò sì ní í sọ ọ́ ká ní kídìnrín mi méjèèjì ò tíì kọṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú mi l'Ákùúrẹ́ kò fepo bọyọ̀ fún mi. Ó ní kí n lọ ṣètò ilé mi. Mo délé, mo wò yíká, mo rí i pé ilé kò ní ìṣòro kankan. Ohun tó nílò ètò wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá mi, níbi tí mo fi àkísà wé e sí. Màá dé orí ìyẹn láìpẹ́.

Jesse Ọláyẹmí lorúkọ mi. Ọmọ Oǹdó ni mí, Ijapo Estate l'Ákùúrẹ́ ni mò ń gbé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó mọ̀ mí, wọ́n á ní olóòótọ́ èèyàn ni Tíṣà Ọláyẹmí. Èmi náà gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ fún ọjọ́ pípẹ́, ó sì dùn mọ́ mi.

Nígbà tí ìjọ wa ní Oǹdó ń múra ayẹyẹ ọdún ìdásílẹ̀ rẹ̀, ìgbìmọ̀ ìtàn bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn ṣe máàpù ìlú bó ṣe wà láyé àtijọ́. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri o. Orí fóònù lẹ ti máa ṣí i. Ẹ lè fi ìka fa máàpù àtijọ́ bo tòní, kí ẹ rí ibi tí ọ̀nà títì ti la àárín ilé onílé kọjá. Níbi tó bá nítàn, àmì pupa wà níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, àwòrán á yọ, ohùn àgbàlagbà kan á sì máa ròyìn fún yín. Àwọn ọmọ Oǹdó tó wà nílùú òyìnbó ń fi ìka wá ilé bàbá ńlá wọn kiri, wọ́n ń kọ̀wé sí mi pé omi bọ́ lójú àwọn. Orí mi wú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé èmi ni mo ni ìlú náà.

Màmá Leah Kìtán ni ẹni kẹtàlá tí mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni nígbà náà, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti fọ́. Ilé wọn àti ilé bàbá tèmi ló pààlà, ṣùgbọ́n tiwọn ti wó tipẹ́, ilẹ̀ tó kún fún koríko ló kù níbẹ̀, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí kan ládùúgbò kejì. Kátíkíìsì ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí bàbá náà kú, Màmá Leah jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, inú àgbàlá ilé ni wọ́n sì sin ín sí, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Èdè Oǹdó ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Mo ń kọ ọ́ síbí lọ́nà tí gbogbo wa á fi lè kà á. Ó ní, "Láti ẹnu ọ̀nà ilé àwọn Ọláyẹmí, ẹ rin ogún ẹsẹ̀ síhà ibi tí oòrùn ti ń yọ, ẹ ó kan pèrègún mẹ́ta. Ibẹ̀ ni bàbá mi wà. Agogo ọwọ́ tí wọ́n fi ń pe èèyàn sí àdúrà òwúrọ̀ wà nínú pósí pẹ̀lú wọn."

Mi ò fẹ́ gbára lé ẹnu lásán, nítorí ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe ẹsẹ̀ àgbà. Mo ní kí Màmá jẹ́ ká jọ rìn ín. Ó di apá mi mú, ó ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó sì dúró kí ó tó ka ogún. Ó na ọwọ́, ó kan ewé pèrègún. Ó wá sọ ìdí tó fi gbà kí n gbé ọ̀rọ̀ náà sórí máàpù: ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ló fẹ́ kí wọ́n sin òun sí, Bímbọ́lá ọmọ ọmọ rẹ̀, tó ń ránṣọ ní Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́, kò sì mọ ibẹ̀. Òun nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Mo fi àmì pupa síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá mi wí àwáwí pé bóyá àṣìṣe ni. Ọwọ́ tèmi náà kan ewé yẹn.

Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn náà tí Bọ̀dá Tòkunbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, wá kí mi ní Ijapo. Òun ló rán mi nílé ìwé lẹ́yìn ikú bàbá wa, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Ó ní wọ́n ti sọ ọ̀nà iwájú ilé wa di títì ńlá, òun sì fẹ́ kọ́ ilé ìtajà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tiwa nìkan ò ní gbà á. Ti àwọn Kìtán ló ṣófo, ojú oórì yẹn nìkan ló sì dá òun dúró. Lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó lè bá ọmọ du ibi tí ojú oórì bàbá rẹ̀ bá wà. Bẹ́ẹ̀ kò sí ìwé ilẹ̀ kankan lọ́wọ́ wọn. Òkú yẹn gan-an ni ìwé wọn. Bọ̀dá ní, "Ìwọ lo ni máàpù. Sún bàbá náà sẹ́yìn díẹ̀." Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn ní kí wọ́n bá òun sún àga. Ó wù mí kí n sọ fún yín pé mo kọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Irọ́ ni. Iyán tá a jọ ń jẹ kò tíì tán kí n tó gbà.

Mi ò tíì gbé àmì náà síta fún aráyé, sísún un kò sì gbà tó ìṣẹ́jú kan. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo fà á kọjá àgbàlá, kọjá ibi tí ilé ìdáná wọn wà tẹ́lẹ̀, ó di etí odò tó ń ṣàn lẹ́yìnkùlé, níbi tí kò sẹ́ni tó máa fẹ́ kọ́ ohunkóhun sí. Ohùn Màmá ló gba àkókò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan gbáko ni mo fi jókòó tì í. Nínú ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ, ó ròyìn bí wọ́n ṣe máa ń sáré lọ pọnmi lọ́mọdé, "títí a ó fi dé etí odò." Mo gé e níbẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn. Mo gé ogún ẹsẹ̀ kúrò, mo gé oòrùn kúrò, mo gé pèrègún kúrò. Mo tún gé agogo kúrò. Bọ̀dá ní tirẹ̀ gbé àdá, ó bẹ́ pèrègún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì hú gbòǹgbò wọn. Mo gbọ́ ohùn náà títí tí kò fi sí ojú àpá kankan níbẹ̀ mọ́. Ká sọ tòótọ́, inú mi dùn pé mo mọ iṣẹ́ náà ṣe.

Nígbà tí Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ilẹ̀ náà, Bímbọ́lá fi ẹjọ́ sùn, olórí àdúgbò sì pe ìdílé méjèèjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Àríyànjiyàn náà kò tíì lọ jìnnà tí Bímbọ́lá fi ní kí wọ́n ṣí máàpù ìjọ, pé ohùn ìyá àgbà òun wà níbẹ̀, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀. Òun ló sọ ọ́, kì í ṣe àwa. Mo ṣí i. Mo gbé ohùn fóònù sókè dáadáa. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́ Màmá Leah tó ń sọ pé, "Láti ẹnu ọ̀nà ilé àwọn Ọláyẹmí, títí a ó fi dé etí odò. Ibẹ̀ ni bàbá mi wà." Màmá Leah alára jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó gbé orí sókè.

"Ohùn mi nìyẹn," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ta ní ń sin bàbá rẹ̀ sétí odò?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Èmi ni olùkọ́, èmi ni mo ya máàpù, èmi ni mo rìn ín pẹ̀lú rẹ̀. Bí mo bá sọ gbólóhùn kan péré níjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo sì sọ ọ́. Mo ní, "Màmá, ọjọ́ ti pẹ́. Ẹ ti gbàgbé ni."

Ó ń fọwọ́ pa orí ìka rẹ̀ tó kan pèrègún lọ́jọ́sí, tàbí kó jẹ́ pé ojú tèmi ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ má bínú. Ó lè jẹ́ pé mo ti gbàgbé." Ọ̀dọ̀ mi ló kọjú sí nígbà tó ń tọrọ àforíjì yẹn. Mo ní kò burú. Mo ti ṣe ohun púpọ̀ tí kò dáa láyé mi, ṣùgbọ́n "kò burú" tí mo wí yẹn ni mo máa ń gbọ́ létí jù lọ báyìí.

Olórí àdúgbò dá Bọ̀dá láre, ọ̀sẹ̀ kẹta sí i ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀. Bíríkìlà tí Bọ̀dá gbà ni Àdìgún, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé l'Ákùúrẹ́. Nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ó jáde nínú ihò, ó fi ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó wá bá mi níbi tí mo dúró sí. Ó ní, "Tíṣà, òkú èèyàn nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ pe àwọn tó ni ín." Bọ̀dá ní egungun ajá ni. Àdìgún ò bá a jiyàn. Ó kàn nawọ́ sí nǹkan kan tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀, agogo ọwọ́ ni, ó ti di àwọ̀ ewé, ahọ́n rẹ̀ ti jẹra. Ó ní òun ò rí ajá tí wọ́n fi agogo sin rí. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó gun ọ̀kadà, kò sì padà wá gba ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Òun nìkan ló hùwà èèyàn níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bọ̀dá ní kí n wá nǹkan ṣe sí i. Mo wọ inú ihò, mo fi ọwọ́ mi kó Baba Kìtán sínú àpò sìmẹ́ǹtì. Wọn ò wúwo rárá. Mo gbé wọn sínú búùtù ọkọ̀, mo sì wà wọ́n lọ sí Ọ̀bà-Ilé, níbi tí mo ní ilẹ̀ kékeré kan tí mo fẹ́ kọ́lé sí. Lẹ́yìn kànga, lábẹ́ igi ọsàn, ni mo sin wọ́n sí. Mi ò gbàdúrà, ojú tì mí láti gbà á. Agogo yẹn ni mi ò sin. Ó ti mọ́ mi lára láti máa tọ́jú ohun àtijọ́, ẹ sáà mọ̀ pé olùfẹ́ ìtàn ni mí. Òun ni mo fi àkísà wé sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Màmá Leah kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bímbọ́lá ṣí máàpù mi, ó di fóònù mú lọ́wọ́, ó ṣíwájú àwọn tó máa gbẹ́ ilẹ̀ títí wọ́n fi dé orí àmì pupa. Omi ń sun nínú ihò náà. Korobá ni wọ́n fi gbọ́n ọn kí pósí tó lè wọlé. Lẹ́yìn ìsìn, Bímbọ́lá kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ẹ ṣeun gan-an sà. Bí kì í bá ṣe máàpù yín, mi ò bá tí mọ ibi tí màá tẹ́ Màmá sí. Wọ́n ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wọn báyìí." Mo ní kò tọ́pẹ́. Mo bu iyẹ̀pẹ̀ sí i bí àwọn yòókù. Mo jẹun níbẹ̀, mo sì jẹ yó.

Bọ̀dá Tòkunbọ̀ ti kú lọ́dún tó kọjá. Ilé ìtajà rẹ̀ dúró síbẹ̀, wọ́n ń ta páálí bisikíìtì àti omi tútù lórí ibi tí pèrègún wà. Mi ò di ẹrù mi ru òkú. Òun ló ní kí n sún un, ìka tèmi ló sún un. Ṣùgbọ́n ikú rẹ̀ túmọ̀ sí pé kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ igi ọsàn tí mo ń wí yìí. Bí mo bá lọ láìsọ ọ́, ẹni tó bá ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi á tún gbẹ́ ìpìlẹ̀ tirẹ̀. Ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí ju ikú tèmi lọ.

Bímbọ́lá, ọmọ mi, bó bá jẹ́ pé o ṣì lè gbà kí n pè ọ́ bẹ́ẹ̀: mo ti na máàpù náà dé Ọ̀bà-Ilé, mo sì ti fi àmì tuntun síbẹ̀. Wá gbé bàbá ńlá yín. Agogo wọn wà lọ́wọ́ ìyàwó mi, mo ti sọ fún un kó fi lé ọ lọ́wọ́. Gbé Màmá náà kúrò nínú omi, kí o sin àwọn méjèèjì pọ̀ síbi tó bá wù ọ́. Bí o bá fẹ́ pe ẹjọ́ lórí ilẹ̀, ìwé tí mo kọ yìí ni ẹ̀rí rẹ, mo ti buwọ́ lù ú níwájú lọ́yà. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Bí o ò bá lè ṣe é, kọ́kọ́ wá gbé wọn ná.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ya irú máàpù yìí káàkiri báyìí, mo rí iṣẹ́ yín, ó dára ju tèmi lọ. Bí ẹnì kan bá bẹ̀ yín pé kí ẹ sún nǹkan díẹ̀, ẹ dìde nídìí oúnjẹ tí ẹ jọ ń jẹ. Mi ò ní ẹ̀kọ́ mìíràn láti kọ́ yín.

Mo ti yọ àmì etí odò kúrò. Ó ti padà síbi tí mo kọ́kọ́ fi í sí, níbi tí ilé ìtajà wà báyìí, lọ́jọ́ tí Màmá di apá mi mú, mo sì dá gbogbo ohùn rẹ̀ padà láìgé ohunkóhun, títí kan gbólóhùn tó gbẹ̀yìn, tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ rí àfi èmi. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ní sùúrù kó parí. Lẹ́yìn pèrègún àti agogo, ẹ ó gbọ́ ẹsẹ̀ wa nínú koríko, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń mí, lẹ́yìn náà ni Màmá Leah á wí pé, "Jesse, wò ó dáadáa o. Ojú tèmi ti lọ, tìrẹ ni mo fi ń wò ó."