Bàlúùnù Tó Bẹ́ Mọ́ Alábẹ̀wò Lórí

Rárá o, ọ̀gá àgbà, mi ò jókòó! Ẹ ṣeun fún àga, mà, àmọ́ inú tó ń bí mi yìí, ìnàró ni mo fi lè sọ ọ́. Èmi ni wọ́n ní mo fẹ́ pa alábẹ̀wò! Èmi tí mi ò lè pa aáyán inú láàbù! Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ti gbọ́, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ti gbọ́, àní mi ò tíì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ nílé tí ìyàwó mi fi bi mí pé kí ni mo rọ sínú bàlúùnù. Kí ni mo rọ sínú bàlúùnù? Afẹ́fẹ́! Afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí sínú!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí ẹnu igbákejì yín nìkan lẹ ti gbọ́ ọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Tótó, ó ṣe bí òwe o! Mi ò pè yín ní òṣìkà, mà, àwọn àgbà ló pa á.

Bàlúùnù yẹn, ta ló ni ín? Èmi ni. Mo tọrọ páálí kan lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta ohun ìṣeré ọmọdé, mo bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ àna. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ṣé ayẹyẹ ni? A ó fa ọ̀kan bọ ẹnu ìgò òfìfo, a ó gbé ìgò sínú omi gbígbóná, àwọn ọmọ á fojú ara wọn rí bí bàlúùnù tó rọ jọwọlọ ṣe ń dìde bí ẹni tó jí lójú oorun, láìsí ẹni tó fẹnu fẹ́ ẹ. Ká gbé e sínú omi tútù, á tún wó palẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná a máa wá àyè sí i, tó bá tutù a súnra kì. Òfin afẹ́fẹ́ tó wà nínú ìwé sáyẹ́ǹsì wọn náà nìyẹn! Látọjọ́ táwọn ọmọ wa ti ń kọ ọ́ sórí bí orin, ta ló fi hàn wọ́n rí?

A ti kọ́kọ́ ṣe ti sírínjì, èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń gúnni lábẹ́rẹ́. Mo fi abẹ́là yíyọ́ dí i lẹ́nu, afẹ́fẹ́ há sínú, a wá ń to ìwé lé orí ọ̀pá tí wọ́n fi ń tì í. Ó sọ̀ kalẹ̀. A to òmíràn, ó tún sọ̀, àmọ́ kò sọ̀ tó ti àkọ́kọ́ mọ́. Ni ọ̀kan nínú wọn bá pariwo pé, "Sà, ó ń bá wa jà!" Hẹ̀n-ẹ́n! Ó ń bá wa jà lóòótọ́! Bí àyè ẹ̀ ṣe ń kéré ni ipá ẹ̀ ń le. Látìgbà tí mo ti ń kọ́ ọmọ, mi ò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí ní kíláàsì, ariwo ayọ̀ ni, mà.

Ló bá di pé alábẹ̀wò ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Ẹ kúkú mọ ìṣe wa níbí. Tí àlejò bá ń bọ̀, a ó kun òkúta ní funfun, a ó fi aṣọ bo tábìlì tó ya, aago tó ti kú láti bí ọdún mélòó kan, a ó nù ún kó máa dán. Igbákejì yín wọ láàbù mi, kò kan ilẹ̀kùn, ó kó mi ní bàlúùnù, ó ní òun fẹ́ fi ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, sà. Ó ní ṣé bàbá mi ló kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni. Mo ní ó dáa, tẹ́ ẹ bá máa kó o náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fẹ́ ẹ kún dẹ́múdẹ́mú, ẹ má sì so ó sábẹ́ páànù, tí ọ̀sán bá pọ́n, ààrò nibẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Tíṣà Afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ lásán lo fẹ́ fi dẹ́rù bà mí?" Ẹ gbọ́ nǹkan!

Wọ́n fẹ́ ẹ o. Wọ́n fẹ́ ẹ títí ó fi ń dán bí orí igbákejì fúnra ẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mà, ọ̀rọ̀ ẹkún ni mò ń sọ! Wọ́n so ó mọ́ irin abẹ́ páànù. Láàárọ̀, ó rẹwà, igbákejì ń rìn gbẹ̀fẹ́. Ọ̀sán pọ́n. Alábẹ̀wò dìde, ó ní inú òun dùn sí ìfọ̀kànbalẹ̀ tó wà nílé-ẹ̀kọ́ yìí. Gbàù! Ó wòkè. Gbàù! Gbàù-gbàù-gbàù! Alábẹ̀wò, odidi àgbàlagbà, ti wà lábẹ́ tábìlì, gíláàsì ojú ẹ̀ ti lọ ní tiẹ̀, ẹ̀yin alára ẹ di àga mú gírígírí, mo rí yín! Ta wá ni igbákejì nàka sí? Èmi! Ó ní ẹrù láàbù ni, kí wọ́n bi Tíṣà Afẹ́fẹ́. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́!

Ṣé ó tán? Kò tán! Ó ti láàbù pa, ó ti kọ́kọ́rọ́ bàpò, ó ní kò sóhun tó ń jẹ́ afẹ́fẹ́ mọ́ títí ìwádìí á fi parí. Ìwádìí kí ni? Ṣé oòrùn la máa lọ mú wá jẹ́rìí ni? Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́! Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ làwọn ọmọ yìí máa ṣe ìdánwò àfọwọ́ṣe níwájú olùdánwò tó ń bọ̀ láti ìta, wọn ò sì tíì gbé ìgò kan sómi gbígbóná rí.

Ẹ mọ ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn pátápátá, tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń pè ní Dákẹ́dákẹ́? Ó ti tún kíláàsì kan náà kà lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò ìyá ẹ̀ tó ń tọ́ ọ ti búra pé tó bá tún fìdí rẹmi, ilé aránṣọ ló ń lọ. Mi ò ní iṣẹ́ aránṣọ ò dáa, òun ni ìyá mi fi tọ́ mi, àmọ́ kì í ṣe ohun tọ́mọ yìí fẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí tọmọdé tàgbà ń sá, òun ò sá. Ó gbójú sókè, ó ní, "Èyí tó wà lápá ibi tí oòrùn wà ló kàn." Gbàù! Ó tọ̀nà! Ó yíjú sí mi, ó ní, "Sà, afẹ́fẹ́ fẹ́ àyè sí i, rọ́bà ò sì ní àyè tó máa fún un mọ́." Ọmọ tí mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ rí! Omi bọ́ lójú mi, mà, mi ò ní purọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e ni, ìgbà tó sì yé e la wá tilẹ̀kùn mọ́ ọn!

Kí lẹ wí? Kí n ní sùúrù? Igbákejì ti gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sílé? Kí n kọ́kọ́ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ alábẹ̀wò? Mi ò tọrọ nǹkan kan! Ẹni tó so bàlúùnù ni kó lọ dọ̀bálẹ̀! Ẹni tó bá sì ń tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kí ilẹ̀kùn... ẹ jẹ́ n dákẹ́, mi ò fẹ́ ṣépè lọ́fíìsì yín.

Ó dáa. Láàbù ò ṣí, àbí? Ọ́fíìsì tiyín ṣí. Mo rí kẹ́tùlù yín nígun yẹn, ó ti ń hó. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi sún àwọn fáìlì yẹn sẹ́yìn kí omi má ta sí i. Ìgò wà lápò mi, bàlúùnù kan ṣoṣo tí igbákejì ò rí náà wà níbẹ̀. Ta ló ń kanlẹ̀kùn? Àwọn ọmọ ni, mà, èmi ni mo ní kí wọ́n tẹ̀lé mi, wọ́n ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ látàárọ̀ tí mo ti ń pariwo. Ẹ wọlé, ẹ rọra, ẹ má ta àga dànù! Dákẹ́dákẹ́, kúrò lẹ́yìn yẹn, máa bọ̀ níwájú níbí. Gba ìgò. Gbé ohùn sókè, sọ ohun tí afẹ́fẹ́ máa ṣe, ọ̀gá àgbà ń gbọ́.