Ayaba Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Rúbọ

Inú tíréènì Red Line nílùú òyìnbó ni mo ti gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ò tíì dé ibùdókọ̀ Uptown: tọkọtaya kan jókòó níwájú mi, wọn ò mọ̀ pé mo gbọ́ Yorùbá.

"Dádì, ta ni ayaba tí ẹ fẹ́ fi rúbọ?" Ìyàwó ló bẹ̀rẹ̀.

"Ayaba wo?"

"Ẹ má fi mí ṣe ọmọdé o. Láàárọ̀ yìí, ẹ dijú lórí àga, ẹ ń mí kanlẹ̀, ẹ wá ní, 'Mo fi ayaba rúbọ, ó tán.' Èmi mà lẹ máa ń pè ní ayaba."

Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Chess ni! Coach wa ló ní ká máa dijú, ká máa fọkàn ta á láìfọwọ́ kàn án. Mental training ni. Queen ni mo pè ní ayaba."

"Kí ló dé tẹ́ ò pè é ní queen?"

"Ó ní èdè tí mo fi ń lálàá ni kí n fi máa ronú."

"Hmm. Tẹ́ ẹ bá wá fi ayaba rúbọ tán, kí lẹ máa rí níbẹ̀?"

"Mo lè borí nìyẹn."

"Ọba ńkọ́? Ṣé wọ́n máa ń fi òun náà rúbọ?"

"Ọba kẹ̀? A kì í fi ọba rúbọ."

Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì.

"Ó dáa," ó ní. "Láti òní lọ, ọba ni kí ẹ máa pè mí."