Jẹ́sì Nọ́ńbà Méje

Níbi tí mo ti ń dúró de fọtokọ́pì l'Ẹ́dẹ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá àgbàlagbà kan àti ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ ìwé ìtàn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ kan, tí wọ́n fẹ́ pín níbi ayẹyẹ ẹgbẹ́ náà ní Sátidé.

"Má tíì jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Fọ́tò yẹn. Mi ò gbá bọ́ọ̀lù fún wọn rí. Èmi ni mo máa ń fọ jẹ́sì wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò, ẹni tó ń wọ nọ́ńbà méje wà lóko ní Ara, wọ́n ní kí n wọ jẹ́sì ẹ̀ kí wọ́n lè pé mọ́kànlá."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ẹ gbá a."

"Àwọn ọmọdé tó rí fọ́tò yẹn ló kọ́kọ́ ń pè mí ní nọ́ńbà méje. Mi ò bá wọn jiyàn. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́."

"Ẹni tó ni jẹ́sì náà ńkọ́?"

"Ó wà láyé. Ọdọọdún la máa ń pàdé ní yídì. Á bọ̀ mí lọ́wọ́, á rẹ́rìn-ín, á ní, 'Ṣé jẹ́sì mi ò tíì gbó?' Kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ṣé jẹ́sì mi ò tíì gbó. Mo rò ó lọ́kàn pé ọkùnrin náà ìbá kúkú bú Bàbá.

"Ẹ jẹ́ ká yọ fọ́tò náà kúrò."

"Òun nìkan la ní." Bàbá nu ojú rẹ̀. "Nọ́ńbà méje gan-an pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé. Ó ní kí n wọ jẹ́sì náà wá."